Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ Lórí Fífi Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Kan Ṣe Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí òwò ṣíṣe, pàápàá jù lọ lórí ìpolówó ọjà. Púpọ̀ nínú yín ló ti ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, àwọn mìíràn sì ti jáde ilé-ìwé gíga tí wọn kò rí iṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n bá dá iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ télọ̀, aláṣọ, olùkọ́ lẹ́sìnnì, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń sin adìyẹ. Owó tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Òbí ló yá yín ní díẹ̀, èsúsú ló kó ìyókù fún yín.

Ohun tí a máa ń rí ni pé kété tí owó bá dé ọwọ́, ilé ìtẹ̀wé ni a kọ́kọ́ ń sáré lọ. A ó tẹ ìwé ìléwọ́ ẹgbẹ̀rún kan, a ó pín in tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kejì, a ó lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì yóò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní bá ti ìwé ìléwọ́ mu. Ní oṣù kẹta, a ó ya àwòrán sórí fóònù, iye owó tí a kọ síbẹ̀ yóò tún yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tó mọ èkejì. Oníbàárà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ń pe òun. Bẹ́ẹ̀ ni owó tó yẹ kó ra òwú àti aṣọ ṣe ń bá bébà lọ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀ràn yìí.

KÍ NI OHUN TÍ À Ń SỌ GAN-AN?

Bí a bá wu gbágùúdá lóko, a lè fi ṣe gàrí, a lè fi ṣe láfún, a lè fi ṣe fùfú. Àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ a sì máa fi ṣe pupuru. Gbágùúdá kan náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé gbágùúdá tútù síwájú àlejò kí ó sọ pé gàrí nìyẹn. Gàrí ní rírin, ó ní fífún, ó ní yíyan. Láfún ní rírẹ àti sísá. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ṣe sí i kí ó tó di jíjẹ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìpolówó rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó jókòó, tí a ó ronú jinlẹ̀, tí a ó sì kọ ojúlówó ọ̀rọ̀ nípa ọjà wa sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni a ó máa fi ṣe èyí tí ojú ń wò, èyí tí à ń kà, èyí tí etí ń gbọ́, àti èyí tí ojú àti etí jọ ń gbà pọ̀.

Irú èèyàn méjì ló máa ń kùnà níbí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń dá oko tuntun nígbà gbogbo tí ebi bá ti ń pa á, tí kò sì rántí pé gbágùúdá àná ṣì wà nílé. Èkejì ni ẹni tó ń gbé gbágùúdá tútù káàkiri: ó mú ìwé ìléwọ́ rẹ̀, ó sì kà á lórí rédíò bó ṣe wà, tòun ti nọ́ńbà fóònù mẹ́rin àti orúkọ òpópónà mẹ́fà. Ta ni yóò rántí?

ILÉ-IṢẸ́ TÁYÀ TÍ A LÈ FI KỌ́GBỌ́N

Àpẹẹrẹ tó yéni jù lọ nípa ọ̀ràn yìí wá láti ilẹ̀ Faransé. Ní ìlú Clermont-Ferrand, àwọn ọmọ ìyá méjì, André àti Édouard Michelin, dá ilé-iṣẹ́ táyà sílẹ̀ ní ọdún 1889. Orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí wa ní Nàìjíríà, nítorí ilé-iṣẹ́ náà ṣe táyà ní Port Harcourt fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní ọdún 2007.

Ní ọdún 1900, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà ní gbogbo ilẹ̀ Faransé kò tó 3,000. Ẹni tó tilẹ̀ ní ọkọ̀ ń bẹ̀rù láti gbé e rìn jìnnà, nítorí kò mọ ibi tí yóò ti rí epo rà, kò mọ ibi tí mẹkáníìkì wà, kò sì mọ ibi tí yóò sùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Táyà tí kò bá rìn, kì í jẹ. Táyà tí kò bá sì jẹ, a kì í ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìṣòro àwọn Michelin nìyí.

Wọn kò wulẹ̀ pariwo pé "Ẹ ra táyà wa, ẹ ra táyà wa." Wọ́n bi ara wọn léèrè pé, kí ni ẹni tó ní ọkọ̀ nílò kí ó tó lè fọkàn balẹ̀ rìnrìn àjò? Wọ́n wá ìdáhùn, wọ́n kó o jọ láti ìlú dé ìlú. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1900, wọ́n tẹ ìwé kékeré kan tó ṣe é kì bọ àpò. Ọ̀nà tí à ń gbà pààrọ̀ táyà wà níbẹ̀, àwòrán ìlú wà níbẹ̀, ibi tí epo wà, ibi tí mẹkáníìkì wà àti ibi tí arìnrìn-àjò lè sùn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n tẹ nǹkan bí 35,000, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún iye yẹn wò: ìwé 35,000 ní ilẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó 3,000! Ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń wò.

Ohun tó kan ẹ̀kọ́ wa jù ni ohun tí wọ́n fi ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ yẹn ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ọdún 1908, wọ́n ṣí ọ́fíìsì kan tí ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà sí láti béèrè ọ̀nà tó yẹ kí òun gbà rìnrìn àjò, wọn yóò sì fi èsì ránṣẹ́ sí i. Ìmọ̀ inú ìwé ti di lẹ́tà.

Láti ọdún 1910, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ máàpù ojú ọ̀nà ilẹ̀ Faransé. Ìmọ̀ kan náà ti di àwòrán tí awakọ̀ lè tẹ́ sórí itan rẹ̀.

Ní ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kò tilẹ̀ tíì parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé tó ń ṣàlàyé àwọn ojú ogun, kí àwọn tó fẹ́ lọ wo ibi tí àwọn èèyàn wọn ti ṣubú lè mọ ọ̀nà.

Ní ọdún 1920, wọ́n dáwọ́ pípín ìwé àkọ́kọ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ dúró, wọ́n ń tà á ní faranki méje. Ìtàn kan wà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé André wọ ṣọ́ọ̀bù táyà kan, ó sì bá ìwé náà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ tí wọ́n fi í gbé ró! Ó ní ohun tí èèyàn kò bá san owó fún, kì í kà á sí.

Ní ọdún 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìràwọ̀ sára orúkọ ilé oúnjẹ tó dára. Ní ọdún 1931, wọ́n sọ ọ́ di ìràwọ̀ kan, méjì àti mẹ́ta. Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìràwọ̀ Michelin láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ táyà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe wọn ń múra láti wọ ilẹ̀ Faransé, wọ́n tún ìwé Michelin ti ọdún 1939 tẹ̀ fún àwọn ológun wọn, nítorí àwòrán ìlú tó wà nínú rẹ̀ dájú. Ẹni tó kọ ìwé nítorí táyà kò mọ̀ pé ìwé náà yóò jagun.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní ọdún 1898, ṣáájú ìwé náà, wọ́n ti ní pósítà kan. Ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì táyà ló wà lórí rẹ̀, ó gbé ife sókè, ìṣó àti àfọ́kù ìgò ló sì kún inú ife náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà wa ń gbé ohun tó ń gún táyà ẹlòmíràn mì. Wọn kò kọ ibi tí epo wà sórí pósítà yẹn. Ẹni tó ń kọjá lọ ni pósítà wà fún, àwòrán kan ṣoṣo sì ti tó o. Àlàyé wà nínú ìwé, ọ̀nà wà lórí máàpù, ọkùnrin táyà náà sì wà níbi gbogbo, tó jẹ́ pé bí o bá rí i, o ti mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta la rí kọ́ níhìn-ín. Ìkíní, wọ́n kó ohun tó wúlò fún oníbàárà jọ, wọn kò kó ìyìn ara wọn jọ. Ìkejì, wọ́n ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà dáadáa, wọ́n sì ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Wọ́n tilẹ̀ ní kí àwọn awakọ̀ máa kọ̀wé sí àwọn bí wọ́n bá rí àṣìṣe. Ìkẹta, wọ́n fún ìwé, máàpù, lẹ́tà àti pósítà ní iṣẹ́ tó bá kọ̀ọ̀kan mu, àmì kan náà sì so gbogbo wọn pọ̀.

ÌTÀN KAN LÓRÍ RÉDÍÒ ÀTI TẸLIFÍṢÀN

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ Procter & Gamble ti ń náwó lé ìtàn tó ń lọ ní ìpele-ìpele lórí rédíò, nítorí àwọn ìyàwó ilé tó ń fọṣọ ló ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní eré ọlọ́ṣẹ títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn, The Guiding Light, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Irna Phillips dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní oṣù kìíní ọdún 1937. Ní ọdún 1952, wọ́n gbé e lọ sórí tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n wọn kò tètè pa ti rédíò tì. Ó wà lórí méjèèjì títí di ọdún 1956. Ó sì wà lórí tẹlifíṣàn títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Ọdún méjìléláàádọ́rin nìyẹn!

Ẹ ro ohun tó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Lórí rédíò, bí ẹnìkan bá wọlé, a gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a kò ní mọ ẹni tó wọlé. Lórí tẹlifíṣàn, ojú ti rí i, kò sídìí láti dárúkọ. Ṣùgbọ́n yàrá gbọ́dọ̀ wà, àga gbọ́dọ̀ wà, aṣọ gbọ́dọ̀ yẹ. Ìtàn kan náà ni, iṣẹ́ tí à ń ṣe sí i ló yàtọ̀. Kí wọ́n má sì tètè fi rédíò sílẹ̀, ọgbọ́n ni, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì ní tẹlifíṣàn nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé nígbà tí fóònù ti dé, a ò nílò ìkéde ẹnu àti ìwé mọ́, ẹ fi èyí ronú.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Kí a má rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni èyí. Ní ìlú Èkó, Isaac Babalola Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn obìnrin tó ń sọ ìtàn ayé tó ti fi ṣòfò. Àwọn èèyàn ń ra ìwé ìròyìn nítorí lẹ́tà náà. Ní ọdún 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó sọ wọ́n di odidi ìwé. Ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá nìyẹn. Ohun tó ti ta ìwé ìròyìn tún ta ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ òtítọ́ yìí láìpẹ́.

Bákan náà, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí tẹ eré àwọn òṣèré Yorùbá jáde ní àwòrán, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lára àwòrán náà. Eré orí ìtàgé di ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè rà kó sì kà nílé. Ẹni tó bá ti kà á, bí ó bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ òṣèré náà ń bọ̀ nílùú, yóò fẹ́ lọ wò wọ́n. Ìwé ń polówó eré, eré ń polówó ìwé. Àwọn baba wa sọ ọ́: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a mú arábìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Owó tó lè ná lórí ìpolówó kò pọ̀. Báwo ni yóò ṣe ṣe é?

1. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Kí ó mú ìwé kan, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́fà yìí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kí ni mò ń tà? (Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a wọ̀n sí ara ọmọ.) Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? (Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.) Kí ló ń dùn wọ́n? (Aṣọ tí wọ́n ń rà lọ́jà ń tú ní ojú rírán kí sáà tó parí.) Kí ni mo lè ṣe sí i? (Mo ń rán an lójú méjì. Bí ó bá tú kí sáà tó parí, mo ń tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́.) Níbo ni mo wà? (Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Ọjà-Ọba.) Ìgbà wo ló dópin? (Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ wá kí oṣù kẹjọ tó parí ni yóò gba aṣọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé.) Iye owó yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Ìwé yìí ni kí ó tọ́jú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

2. Kí ó fi ṣe ohun tí ojú ń wò. Pósítà wà fún ẹni tó wà lórí ọ̀kadà tàbí tó ń sáré lọ sí ọjà. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má ju ohun tí a lè kà lẹ́ẹ̀kan náà lọ: "Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá tú, a ó tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Ọjà-Ọba." Àwòrán ojú rírán méjì, kí ó hàn gbangba. Ó tán.

3. Kí ó fi ṣe ohun tí à ń kà. Ìwé ìléwọ́ ni ó lè gba iye owó, ìwọ̀n ọmọ, àti ọjọ́ tí aṣọ yóò jáde. Ẹni tó gbà á yóò mú un relé, yóò sì fi han ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀. Kí ó má gbàgbé àmì ohùn! Ẹni tó kọ "igba" láìṣàlàyé lè máa sọ igba náírà, kí òǹkàwé máa ka igbá tàbí ìgbà.

4. Kí ó fi ṣe ohun tí etí ń gbọ́. Rédíò kò ní ojú tí èèyàn lè fi padà sẹ́yìn, nítorí náà ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí wọ́n rántí ni kí a sọ lẹ́ẹ̀mejì. Fún àpẹẹrẹ: "Ẹ̀yin òbí, ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé bọ̀. Ṣé aṣọ ọmọ yín ti tú lójú rírán? Ẹ mú ọmọ náà wá kí a wọ̀n ọ́n. Ojú méjì ni a ó rán an. Bí ó bá tú kí sáà tó parí, ẹ gbé e padà wá, a kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Ọjà-Ọba ni a wà. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí Ọjà-Ọba." Kí ó kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kó tó lọ sanwó, nítorí ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tà ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Bí ó bá sì fẹ́ fi orin sí i, kí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Èdè wa kò gba kí a fi ọ̀rọ̀ sínú orin tó bá ṣáà ti wù wá. Orin tó bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀ lè sọ ọkọ̀ di ọkọ́ mọ́ wa lẹ́nu.

5. Kí ó fi ṣe ohun tí fóònù ń gbé kiri. Lónìí, ìkéde rédíò yẹn, bí ó bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́, ti di ohun tí a lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ìyá tí kò mọ̀wé kà. Ojú rírán méjì tó wà lórí pósítà lè di fídíò ìṣẹ́jú kan níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rán aṣọ, tó sì ń ṣàlàyé. Kò tún ọ̀rọ̀ kankan rò.

6. Kí ó fi ṣe ohun tó wúlò fún ẹni tí kò tíì ra nǹkan. Ibi tí ọgbọ́n Michelin wà nìyí. Arábìnrin yìí mọ bí a ṣe ń fọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ní tètè ṣá, ó mọ bí a ṣe ń fi etí aṣọ sílẹ̀ kí a lè tú u bí ọmọ bá ga sí i. Kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìléwọ́, kí ó sọ ọ́ fún àwọn òbí nígbà ìpàdé wọn bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà á láyè. Ìwé tó ń polówó nìkan, wọn yóò fi di ẹ̀pà. Ìwé tó ń kọ́ni, wọn yóò fi há ara ògiri.

OHUN MẸ́RIN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Ìkíní ni òtítọ́. Ibi tí irọ́ ti máa ń wọlé ni ibi tí a ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Gbòǹgbò sọ pé "bí ó bá tú kí sáà tó parí, a ó tún un rán." Bí a bá gé e fún pósítà, a lè rí ẹni tí yóò kọ ọ́ pé "Aṣọ tí kì í tú láéláé." Ọ̀rọ̀ kúrú, ó dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bákan náà ni ẹni tó kọ iye owó aṣọ ọmọdé tó kéré jù lọ gàdàgbà sórí pósítà, tí kò sọ pé ti àgbà yàtọ̀. Ẹ rántí oníṣòwò ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ẹni tó fi oúnjẹ gbígbẹ bo èyí tí òjò pa mọ́lẹ̀. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì bá a wí gidigidi. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó bo àdéhùn mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí oúnjẹ gbígbẹ yẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìkejì ni ọjọ́. Nǹkan tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣe bá pọ̀, ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí pọ̀ pẹ̀lú. Owó aṣọ wọ́n, ó yí i padà lórí fóònù, ṣùgbọ́n pósítà ṣì wà ní gáréèjì pẹ̀lú iye owó ti tẹ́lẹ̀. Oníbàárà yóò wá, yóò ní, "Ṣebí ohun tí ẹ kọ rèé," ìjà yóò sì dé. Nítorí náà, kí ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà sí. Bí ohun kan bá yí padà nínú gbòǹgbò, kí ó tẹ̀ lé ìwé yẹn lọ sí gbogbo ibẹ̀. Ohun tó máa ń tètè yí padà, bí iye owó, ó sàn kí ó má sí lórí ohun tó máa ń pẹ́, bí pátákó.

Ìkẹta ni ohun olóhun. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ni ẹ̀tọ́ rẹ láti fi ṣe oríṣiríṣi. Àwòrán tí ẹlòmíràn yà, orin tí ẹlòmíràn kọ, ohùn àlúfà kan tí o gbà sílẹ̀, kì í ṣe tìrẹ nítorí pé ó wà lórí fóònù rẹ. Òfin ilẹ̀ wa lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí wọ́n sọ dọ̀tun pẹ̀lú Òfin ti ọdún 2022, dáàbò bo àwòrán, orin àti ìwé. Kí ó gba ìyọ̀ǹda òbí pẹ̀lú kí ó tó fi àwòrán ọmọ ẹlòmíràn polówó aṣọ.

Ìkẹrin ni àṣejù. Pé a lè gbé ọ̀rọ̀ kan lọ sí ibi mẹ́wàá kò sọ pé dandan ni. Ẹni tó ń fi ìkéde kan náà ránṣẹ́ lárààárọ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lórí fóònù rẹ̀ ń lé oníbàárà ni. Ẹni tó lẹ pósítà mọ́ ògiri onílé láìgbàyè ti ra ọ̀tá kó tó ta ọjà. Ibi mẹ́ta tó bá àwọn tí à ń wá mu, tí a sì ń bójú tó dáadáa, sàn ju mẹ́wàá tí a pa tì lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fi gbágùúdá ṣe gàrí àti ẹni tó ń gbé gbágùúdá tútù kiri, nínú ọ̀ràn ìpolówó?
2. Kí ló dé tí àwọn Michelin kò fi kọ ibi tí epo wà sórí pósítà wọn?
3. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ iṣẹ́ rẹ̀, kí gbogbo yín sì bá a dáhùn ìbéèrè mẹ́fà ti ọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà, kí àwọn kan fi ṣe pósítà, kí àwọn kan fi ṣe ìkéde rédíò. Kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn méjèèjì sọ òtítọ́ kan náà.
4. Ǹjẹ́ ìpolówó kan wà ní àdúgbò yín tí ohun tó wà lórí pátákó rẹ̀ kò bá ohun tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mu? Kí ló yọrí sí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, owó tí ẹ fi ń ṣòwò, ẹlòmíràn ló fi òógùn rẹ̀ wá a fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ó bá bébà lọ. Kí arábìnrin tàbí arákùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí mú ìwé kan lálẹ́ òní, kí ó kọ ọ̀rọ̀ gbòǹgbò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó tún ná kọ́bọ̀ kan lórí ìpolówó. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa máa bá ara wọn mu. Àmín.